Òru mẹ́fà, owó òru márùn-ún: bí tábìlì owó iṣẹ́ ṣe ṣi owó alágbàṣe san ní Odògùnyàn

Òru mẹ́fà ni Ìyá Ìbejì fi ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn, ní àárín oṣù Karùn-ún 2025. Wọ́n ní ìwé kékeré kan tí wọ́n máa ń ká mọ́ ìdí ìró wọn, ìlà kan fún òru kan. Ìlà mẹ́fà ni wọ́n fà, láti òru ọjọ́ Ajé títí dé òru ọjọ́ Àbámẹ́ta. Nígbà tí áláàtì dún lórí fóònù wọn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí a máa ń san owó, ₦21,000 ni wọ́n rí. ₦25,200 ni wọ́n ti ń retí, torí a ti kéde fún gbogbo àwọn tó ń di ọjà sí páálí lóru pé láti ọ̀sẹ̀ náà lọ, owó òru kan ti kúrò ní ₦3,800, ó ti di ₦4,200.

Wọ́n lọ bá sùpáfáísọ̀ lẹ́nu géètì. Ìyẹn yọ fóònù, ó pín 21,000 sí ọ̀nà 4,200, márùn-ún géérégé ló jáde, kò ṣẹ́ kù rárá. Ó ní, "Ìyá, òru márùn-ún lẹ wá. Ẹ lọ rántí dáadáa." Ìyá Ìbejì ní àwọn ò pa òru kankan jẹ. Sùpáfáísọ̀ ní kọ̀ǹpútà kì í parọ́ mọ́ èèyàn. Ojú àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, láàárọ̀ tí àwọn tó ṣe òru ń jáde tí àwọn tọ̀sán ń wọlé. Obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún wá dà bí ẹni tó fẹ́ gba owó iṣẹ́ tí kò ṣe.

Èmi ni mo ṣe ètò tó ṣírò owó yẹn. Mo ń kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ látòkèdélẹ̀ nítorí pé àṣìṣe tó wà nídìí rẹ̀ kì í pariwo. Kì í dá iṣẹ́ dúró, kì í yọ pupa sójú kọ̀ǹpútà. Iye owó kan ló máa ń mú jáde, iye tó jọ òótọ́, á sì jẹ́ kí àwọn èèyàn máa bá ara wọn jà.

Àbúrò màmá mi, Àǹtí tí gbogbo òṣìṣẹ́ ń pè ní Màmá, ni wọ́n ń bá iléeṣẹ́ mẹ́ta kó alágbàṣe ní Odògùnyàn, lójú ọ̀nà tó gba Ìkòròdú lọ sí Ṣágámù. Ẹni tó bá mọ ibẹ̀ á mọ bó ṣe máa ń rí ní aago méje àárọ̀. Kòrópe ń já èèyàn sílẹ̀ láti Sábó, ọ̀kadà ń gbé àwọn tó wá láti Ìmọ́tà àti Gbẹ́rígbẹ́ dé, àwọn mìíràn ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ láti ìhà Ògijo tó ti bọ́ sí ilẹ̀ Ògùn. Nǹkan bí 140 èèyàn ló wà lábẹ́ Àǹtí. Iṣẹ́ wọn pín sí mẹ́rin: àwọn tó ń gbálẹ̀, àwọn tó ń di ọjà sí páálí, àwọn tó ń ru ẹrù sínú ọkọ̀, àti àwọn tó ń dúró ti ẹ̀rọ. Iṣẹ́ mẹ́rin, iléeṣẹ́ mẹ́ta, ọ̀sán àti alẹ́: ìyẹn ti di iye owó 24 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní àdéhùn tiẹ̀ pẹ̀lú Àǹtí. Iṣẹ́ kan náà lè jẹ́ ₦3,500 lápá ibí kó jẹ́ ₦4,000 ní òdìkejì títì.

Kí n tó débẹ̀, inú fọ́múlà Excel, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe ìṣirò nínú tábìlì, ni wọ́n kó gbogbo iye wọ̀nyí sí. Bó bá jẹ́ iléeṣẹ́ kìíní, bó bá sì jẹ́ ẹrù ni ó ń rù, bó bá sì jẹ́ alẹ́, san báyìí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bó bá jẹ́ iléeṣẹ́ kejì, san báyìí. IF nínú IF nínú IF. Excel gba èèyàn láyè láti kó IF 64 sínú ara wọn, èyí tí ẹ̀dà tó ṣáájú ti 2007 kò ju 7 lọ. Àǹfààní yẹn ló ba ọ̀pọ̀ ìwé owó jẹ́. Fọ́múlà yẹn gùn débi pé bí owó bá yí padà níléeṣẹ́ kan, wọ́n ní láti pe ẹni tó kọ ọ́, bí kò bá sì gbé ìpè, owó àtijọ́ ni wọ́n á san. Àǹtí fúnra wọn kò lè ka ohun tó wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn ni wọ́n jókòó pẹ̀lú máníjà iléeṣẹ́ tí wọ́n fẹnu kò lórí iye náà.

Ohun tí mo rí nínú iṣẹ́ yìí tí mi ò lè gbàgbé nìyẹn. Iye tí a ń san fún alágbàṣe kì í ṣe ìṣirò. Àdéhùn ni, ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu èèyàn jáde. Kò yẹ kó wà níbi tó jẹ́ pé ẹni tó kọ fọ́múlà nìkan ló lè rí i. Nítorí náà mo yọ iye owó kúrò nínú fọ́múlà, mo kó wọn sí tábìlì kan lọ́tọ̀. Ẹni tó bá lo four-figure table nílé ìwé girama mọ irú rẹ̀ láti kékeré: o kò ní láti ṣírò lógárídíìmù fúnra rẹ, ẹnì kan ti ṣírò ẹ̀ kalẹ̀, o kàn máa wá ìlà, wá òpó, níbi tí méjèèjì bá ti pàdé lo máa mú ìdáhùn. John Napier ló kọ́kọ́ tẹ irú tábìlì bẹ́ẹ̀ jáde fún lógárídíìmù ní 1614. Tábìlì owó iṣẹ́ kò yàtọ̀ sí i. Fọ́múlà á wá ìlà, á mú iye, á fi ọjọ́ iṣẹ́ sọ ọ́ di púpọ̀. Bí owó bá yí padà, tábìlì ni wọ́n á fọwọ́ kàn, wọn kò ní dé ìdí fọ́múlà.

Mo fún ìlà kọ̀ọ̀kan ní àmì kan. 2PLA ni iléeṣẹ́ kejì, páálí, alẹ́. 2GBO ni iléeṣẹ́ kejì, gbálẹ̀, ọ̀sán. Mo to àwọn àmì náà bí álífábẹ́ẹ̀tì ṣe tò. VLOOKUP, àṣẹ kan nínú Excel tó ń wá nǹkan nínú tábìlì, ni mo fi ń wá wọn. Ìtọ́ni mẹ́rin ni VLOOKUP ń gbà: ohun tí à ń wá, tábìlì tí à ń wá a sí, òpó tí a fẹ́ mú ìdáhùn nínú rẹ̀, àti ìkẹrin tó ń sọ bóyá kó wá ohun náà gan-an tàbí kó gba èyí tó sún mọ́ ọn. Mo kọ mẹ́ta, mo fi ìkẹrin sílẹ̀. Oṣù méje ló fi ṣiṣẹ́ láìṣìnà, owó gbogbo èèyàn pé, mi ò sì padà síbẹ̀ mọ́.

Lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, Àǹtí pè mí. Wọ́n ní, "Ṣé o lè bá mi yẹ ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì wò? Ọdún mẹ́rin tí wọ́n ti wà lọ́dọ̀ mi, wọn ò purọ́ fún mi rí." Mo gbéra láti Ìgbógbó láàárọ̀ Ọjọ́rú, mo lọ sí ọ́fíìsì wọn. Ìwé ìwọlé ni mo kọ́kọ́ ṣí, ìwé tí àwọn òṣìṣẹ́ ń fọwọ́ sí lẹ́nu géètì. Òru mẹ́fà ló wà níbẹ̀, ìfọwọ́sí wọn ṣe kedere. Mo wo inú kọ̀ǹpútà: òru mẹ́fà ni akọ̀wé tẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú. Ọwọ́ Ìyá Ìbejì mọ́. Mo wá fi mẹ́fà pín 21,000. Ó jáde ní 3,500.

Ibẹ̀ ni ara mi ti tutù. Ó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ pé òru mẹ́fà ní ₦3,500 àti òru márùn-ún ní ₦4,200 jẹ́ iye kan náà. Bí iye tó dín bá jẹ́ ₦4,150, kò sẹ́ni tí ì bá fẹ̀sùn kan obìnrin náà, torí kò sí iye òru tí ì bá bá a mu. Ṣùgbọ́n owó òòjọ́ kan géérégé ló fò, ìyẹn ló sì mú kí sùpáfáísọ̀ gbà pé òun ti rí ìdí ọ̀rọ̀. Kò ronú pé iye fún òru kan ló lè yàtọ̀, torí kò sí ibi tí iye náà hàn sí. Nínú áláàtì, àpapọ̀ nìkan ló wà.

Ta ló ń gba ₦3,500? Mo wo tábìlì. Ẹyọ ìlà kan péré ló ní iye yẹn: 2GBO, àwọn tó ń gbálẹ̀ lọ́sàn-án níléeṣẹ́ kejì. Kọ̀ǹpútà ti san owó agbálẹ̀ ọ̀sán fún obìnrin tó ń di páálí lóru.

Mo wo ìlà 2PLA, ó wà níbẹ̀, ₦4,200 ló sì wà níwájú rẹ̀. Fún bí ogún ìṣẹ́jú mo ń wo àmì méjèèjì, èyí tó wà nínú ìwé ìwọlé àti èyí tó wà nínú tábìlì, ojú ò rí ìyàtọ̀ kankan. Nígbà tó yá mo ní kí Excel ka iye lẹ́tà tó wà nínú wọn. Tìwé ìwọlé jẹ́ mẹ́rin. Ti tábìlì jẹ́ márùn-ún. Àlàfo kan ló wà lẹ́yìn A, àlàfo tí ojú èèyàn kò lè rí. Àǹtí ló fi iye tuntun ránṣẹ́ sí akọ̀wé lórí WhatsApp, akọ̀wé dà á kọ láti ibẹ̀, àlàfo tó wà láàárín àmì àti iye sì bá a wọlé.

Bí ó ṣe ṣiṣẹ́ nìyí, mo sì fẹ́ kí ẹni tó ń lo VLOOKUP fún owó èèyàn fara balẹ̀ kà á. Tí a bá fi ìtọ́ni kẹrin sílẹ̀, Excel á gbà pé a fẹ́ èyí tó sún mọ́ ọn. Á gbà pé tábìlì ti tò láti kékeré dé ńlá. Bí kò bá rí ohun tí à ń wá, kò ní sọ pé òun ò rí i. Èyí tó tóbi jù nínú àwọn tó kéré sí ohun tí à ń wá ni yóò mú. 2PLA pẹ̀lú àlàfo lẹ́yìn rẹ̀ tóbi ju 2PLA lásán lọ, bí ọ̀rọ̀ tó gùn ṣe máa ń tẹ̀lé èyí tó kúrú nínú ìwé atúmọ̀ èdè. Nítorí náà Excel fò ó, ó padà sẹ́yìn, 2GBO ló sì bá níbẹ̀. Bí obìnrin tó ń wá ilé Alájà tí wọn ò rí i, tí wọ́n wá wọ ilé tó ṣáájú rẹ̀, tí wọ́n jókòó, tí wọ́n sì jẹun.

Mo sá wo àwọn yòókù. Obìnrin mọ́kànlá ni wọ́n ń di páálí lóru níléeṣẹ́ kejì. Mẹ́sàn-án wá lóru mẹ́fà, méjì wá lóru márùn-ún, òru 64 lápapọ̀. ₦700 ló jábọ́ lórí òru kọ̀ọ̀kan. ₦44,800 ni ètò mi gbà lọ́wọ́ àwọn obìnrin mọ́kànlá lọ́sẹ̀ kan.

Mo bi mẹ́ta nínú wọn léèrè nígbà tó yá ìdí tí wọn ò fi sọ̀rọ̀, torí owó tí wọ́n gbà kéré sí ti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú pàápàá. Wọ́n ní àwọn rò pé iléeṣẹ́ ló yọ ọ́. Ọ̀kan ní, "Wọ́n fi kún un lẹ́nu, wọ́n yọ ọ́ lọ́wọ́, ṣé àkọ́kọ́ nìyẹn?" Wọ́n ti gbà pé owó alágbàṣe kì í ní àlàyé. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju àṣìṣe náà gan-an lọ.

Àǹtí san ₦44,800 náà lọ́sàn-án ọjọ́ kan náà. Sùpáfáísọ̀ wá sí ọ́fíìsì, ó dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Ìbejì, ó ní kí wọ́n má bínú. Wọ́n ní kó dìde. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́, ṣùgbọ́n ẹnu géètì ló ti pe àwọn ní òpùrọ́, ẹnu géètì náà ni kó ti sọ èyí. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ní aago méje, nígbà tí àwọn tó ṣe òru ń jáde tí àwọn tọ̀sán ń wọlé, ó dúró síbẹ̀, ó sì sọ ọ́. Èmi náà dúró tì í, mo sọ pé ọwọ́ mi ni àṣìṣe náà ti wá.

Àtúnṣe àkọ́kọ́ kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ: mo kọ FALSE sí ipò kẹrin, kó jẹ́ ohun tí à ń wá gan-an tàbí kó má sí. Ẹni tí Excel rẹ̀ bá ní XLOOKUP, tí Microsoft kéde ní 2019, kò ní irú wàhálà yìí, torí ohun náà gan-an ni ìyẹn máa ń wá bí a kò bá sọ ohunkóhun. Mo tún ṣe é kí akọ̀wé má tẹ àmì mọ́, kó máa yan án láti inú àkójọ tó wà nílẹ̀.

Èyí tó le ni ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ bí kò bá rí i. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní kó gbé òdo jáde, tàbí kó gbé iye kan tí wọ́n ti yàn sílẹ̀ fún irú rẹ̀. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Òdo á di owó tí kò wọlé, iye àyànsílẹ̀ á tún di irọ́ tó jọ òótọ́. Àǹtí náà kò kọ́kọ́ fara mọ́ ohun tí mo fẹ́. Wọ́n ní, "Ṣé kí n wá so owó èèyàn rọ̀ nítorí lẹ́tà kan? Ilé ń retí owó yẹn." Ọ̀rọ̀ wọn tẹ̀wọ̀n. Ohun tí a jọ fẹnu kò sí ni pé bí ìlà kan bá sọnù, orúkọ gbogbo ẹni tó kàn á jáde sójú ìwé lọ́tọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, akọ̀wé kò sì gbọdọ̀ fi owó ẹnikẹ́ni ránṣẹ́ sí báńkì, títí kan tàwọn tó pé, títí wọ́n á fi rí ìlà náà. Bí gbogbo èèyàn bá jọ ń dúró, kò sẹ́ni tó máa gbàgbé ẹni kan sẹ́yìn. Láti ìgbà náà ó ti ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ìgbà kejì kò ju ogójì ìṣẹ́jú lọ.

Mo rò pé iṣẹ́ ti parí. Kò parí.

Nínú ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ọkùnrin kan tó ń ru ẹrù mú ìwé wá pé ọjọ́ mẹ́ta òun kan kò wọlé. Òótọ́ ni, ojú ìwé kan já bọ́ nínú ìwé ìwọlé, wọ́n padà rí i lábẹ́ tábìlì sẹ́kúríìtì. Ọjọ́ mẹ́ta náà jẹ́ ti ìgbà tí owó ẹrù ṣì jẹ́ ₦4,500. Akọ̀wé tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà san ₦5,000 fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, nítorí ìyẹn ni ó wà nínú tábìlì lọ́jọ́ náà. ₦15,000 dípò ₦13,500. Akáǹtì iléeṣẹ́ kọ̀ láti san ₦1,500 tó lé, wọ́n ní àdéhùn ọjọ́ yẹn kọ́ nìyẹn, ọ̀rọ̀ wọn sì tọ̀nà. Àǹtí fi owó ara wọn dí i, wọn ò gba ohunkóhun padà lọ́wọ́ ọkùnrin náà.

Bí a ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀ ni pé bí owó bá yí padà, akọ̀wé á pa iye àtijọ́ rẹ́, á kọ tuntun sí ojú ibẹ̀. Nígbà tó bá pa á rẹ́, ó ti pa àdéhùn tó ti kọjá rẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà wá ń rò pé iye òní ló ti wà láti ayébáyé. Kò sẹ́ni tó lè tún owó oṣù Kejì ṣírò mọ́ kó sì bá iye tí a san lóṣù Kejì mu.

Nítorí náà mo kó tábìlì náà kúrò nínú Excel lọ sínú SQLite, ètò kan tó ń tọ́jú àkójọ ìsọfúnni sínú kọ̀ǹpútà, mo fi òpó kan kún un: ọjọ́ tí iye náà bẹ̀rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa ìlà rẹ́, kò sì gbọdọ̀ yí i. Bí owó bá gòkè, ìlà tuntun ni a máa fi kún un, pẹ̀lú ọjọ́ tirẹ̀. Mo ronú bóyá kí n fi ọjọ́ ìparí sí i, mo sì pinnu pé rárá. Bí a bá kọ ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí, ọwọ́ á ṣì lọ́jọ́ kan, àlàfo á wà láàárín ìlà méjì, tàbí kí méjèèjì gun orí ara wọn. Pẹ̀lú ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ nìkan, ìlà tuntun ló ń parí ti àtijọ́. Kọ̀ǹpútà á wo ọjọ́ tí iṣẹ́ wáyé, kì í ṣe ọjọ́ tí à ń sanwó, á sì mú ìlà tó bẹ̀rẹ̀ kẹ́yìn kó tó di ọjọ́ náà tàbí lọ́jọ́ náà gan-an. Mo sì dè é pé àmì kan kò gbọdọ̀ ní ìlà méjì tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà.

Ẹni tó bá ń kà á dáadáa á rí i pé wíwá èyí tó sún mọ́ ọn, ohun tó ṣe wá ní ìjàǹbá, náà ni mo tún padà lò fún ọjọ́. Bẹ́ẹ̀ ni. Ọjọ́ máa ń tẹ̀léra, iye kan sì máa ń wà lẹ́nu iṣẹ́ títí òmíràn á fi dé. Irú iṣẹ́ ni kò rí bẹ́ẹ̀. Páálí kò sún mọ́ gbálẹ̀ lọ́nàkọnà, àfi nínú álífábẹ́ẹ̀tì. Nítorí náà àmì gbọ́dọ̀ bára mu pátápátá, ọjọ́ nìkan ni a gbà kó sún mọ́ra.

Mo fi owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin ṣàlàyé ìdí òpó ọjọ́ fún akọ̀wé. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu ₦30,000. Ní ọjọ́ 29 oṣù Keje 2024, Ààrẹ Bola Tinubu buwọ́ lu ₦70,000. Bí ẹnì kan bá béèrè lónìí bóyá owó oṣù Kẹfà 2024 bófin mu, ₦30,000 la máa fi wọ̀n ọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin ti sọ ọ́ di ₦70,000 lẹ́yìn náà. Ìlà méjì, ọjọ́ méjì, kò sẹ́ni tó pa ọ̀kan rẹ́ nítorí èkejì. Ó yé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo sì fi tábìlì kékeré yẹn sínú ètò náà, kó lè máa kìlọ̀ bí owó òòjọ́ kan, tí a fi ọjọ́ iṣẹ́ 26 sọ di púpọ̀, bá kéré sí iye tí òfin sọ.

Oṣù Kẹfà ló wá dán wa wò. Iléyá bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 6. Ìjọba àpapọ̀ fi ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 9, kún un. June 12 bọ́ sí Ọjọ́bọ̀. Ìsinmi mẹ́ta láàárín ọjọ́ méje, iléeṣẹ́ kejì sì máa ń san ìlọ́po kan àbọ̀ fún ẹni tó bá ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ ìsinmi. June 12 àti ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá kì í yí padà, ṣùgbọ́n Iléyá àti Ìtunu Ààwẹ̀ ń tẹ̀lé oṣù ojú ọ̀run, ó sì máa ń ku ọjọ́ díẹ̀ kí ìjọba tó kéde. Bí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ bá wà nínú fọ́múlà, ta ló máa rí ẹni tó kọ ọ́ pè lọ́sẹ̀ Iléyá? Inú tábìlì ló wà, akọ̀wé ló fi ìlà rẹ̀ sí i fúnra rẹ̀.

Ìbéèrè tí tábìlì kò lè dáhùn ni ti òru. Aago méje alẹ́ ni iṣẹ́ òru ń bẹ̀rẹ̀, aago méje àárọ̀ ló ń parí. Àwọn tó wọlé lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 5, jáde láàárọ̀ Iléyá, àwọn mìíràn gba ibi iṣẹ́ lọ sí yídì. Ṣé òru ìsinmi ni tàbí òru lásán? Mo ti kọ ọ́ pé ọjọ́ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni a máa lò, torí ìyẹn ló rọrùn jù fún kọ̀ǹpútà. Mi ò bi ẹnikẹ́ni. Àǹtí ní kí a bi àwọn tó ń ṣe òru. Wọ́n pè wọ́n jọ lábẹ́ igi níwájú ọ́fíìsì. Ìyá Ìbejì ló fi ìka kà á: wákàtí márùn-ún ni òru ọjọ́ 5 lò nínú Ọjọ́bọ̀, méje ló lò nínú Iléyá. Ibi tí wákàtí pọ̀ sí ni kí a ka òru sí. Ẹlòmíràn ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, òru ọjọ́ 9 á jáde nínú ìsinmi. Wọ́n kà á síwá sẹ́yìn. Ilé iṣẹ́ ti ilẹ̀kùn lálẹ́ Iléyá, a kì í sì í ṣe òru ọjọ́ Àìkú, nítorí náà ọ̀nà méjèèjì ló fún wọn ní òru ìsinmi méjì. Owó kan náà ni. Wọ́n ṣì yan ti wákàtí, nítorí pé ẹni tó fi òwúrọ̀ Iléyá ṣiṣẹ́ mọ ohun tó fi sílẹ̀. Mo yí ètò náà padà lọ́sàn-án yẹn, fún ìsinmi àti fún ọjọ́ tí owó bá gòkè bákan náà, kó má di òfin méjì.

A tún ṣe ohun kan tó yẹ kí n ti ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Áláàtì báńkì kò lè gbé àlàyé, nítorí náà ètò náà ń fi tẹ́síìtì ránṣẹ́ sí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan: òru mélòó, iye mélòó lórí òru kan, ìlà wo. A sì tẹ tábìlì náà sórí ìwé, gbogbo ìlà 24, iṣẹ́, iléeṣẹ́, ọ̀sán, alẹ́ àti ọjọ́ tí iye náà bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Yorùbá, a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ọ́fíìsì níta, níbi tí wọ́n ti ń fọwọ́ síwèé.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà, Ìyá Ìbejì ti ṣírò tiwọn kí áláàtì tó dé: òru márùn-ún ní ₦4,200, òru June 12 ní ₦6,300, àpapọ̀ ₦27,300. Iye tó wọlé nìyẹn. Wọn ò sọ ohunkóhun lórí ìyẹn. Iwájú ògiri ni wọ́n dúró sí, wọ́n ń fi ìka tẹ̀lé àwọn ìlà tí kì í ṣe tiwọn, wọ́n wá pe Àǹtí síta.

"Màmá, ẹ wo ibí yìí. Kí ló dé tí àwọn tó ń gbálẹ̀ lóru níléeṣẹ́ kẹta fi ń gba iye kan náà pẹ̀lú àwọn tọ̀sán? Gbogbo yòókù ni tòru fi ju tọ̀sán lọ."

Àǹtí wò ó títí. Wọ́n bi mí bóyá àṣìṣe tèmi ni. Mo ṣí ìwé àdéhùn, kì í ṣe àṣìṣe kankan. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe bá iléeṣẹ́ náà fọwọ́ sí i, kò sì sẹ́ni tó fojú kàn án láti ìgbà náà, torí inú kọ̀ǹpútà ló wà. Wọ́n mú ìwé ara ògiri náà lọ bá máníjà iléeṣẹ́ kẹta lọ́jọ́ kejì. Láti ọjọ́ 1 oṣù Keje 2025, ìlà tuntun kan ti wà nínú tábìlì fún 3GBA, ₦400 lórí ti tẹ́lẹ̀, èyí àtijọ́ sì ṣì wà lókè rẹ̀.